Ǹjẹ́ sítáǹpù Bràsíl àtijọ́ tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ lé ṣì níye lórí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, òǹtẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn olùkójọ ń wá. Sítáǹpù àkọ́kọ́ wọn, Olho-de-boi ("ojú màlúù"; ti 30, 60 àti 90 réis, owó Bràsíl nígbà náà), jáde ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1843. Kò ní orí ọba lára. Wọ́n sábà máa ń sọ pé àwọn aláṣẹ kò fẹ́ kí òǹtẹ̀ ba ojú Pedro Kejì, ọba Bràsíl nígbà náà, jẹ́. Ọdún 1866 ni ojú rẹ̀ tó yọ lórí sítáǹpù. Rio de Janeiro ni òǹtẹ̀ "Correio Geral da Corte" (Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Àgbà ti Ìlú Ọba) ti wá. Níbòmíràn, nígbà mìíràn, gègé àti tàdáwà lásán ni wọ́n fi fagi lé sítáǹpù. Bí ó bá ṣì lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, jọ̀ọ́, má yọ ọ́: odidi lẹ́tà pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ju sítáǹpù nìkan lọ.