Gígé Sípírìn Kọ́ Ni Rírẹ Ọkọ̀ Sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nítorí Ojúde Ọba ni mo ṣe ní kí wọ́n rẹ Corolla 2005 mi sílẹ̀. Mọkálíìkì gé kọ́ìlì (ìyípo irin) méjì lára sípírìn kọ̀ọ̀kan. Ó dùn ún wò, àmọ́ ó ń dún gbì tó bá kó sí kòtò, inú táyà iwájú sì ti ń jẹ. Mọkálíìkì ní ṣọ́ọ̀kì ló kú, òun á rọ ọ́ìlì sí i. Irú ọ́ìlì wo ló dáa jù? (Láti Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fi ọ̀rọ̀ ọ́ìlì sílẹ̀. Ibi tí ti àkọ́kọ́ gbà jò náà ni tuntun máa gbà jáde. Ẹni tó bá sì ní òun á lu ihò sára ṣọ́ọ̀kì kí òun tó jó o padà, sá fún un. Ọ́ìlì àti gáàsì wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun à ń fi iná wẹ́dà kàn. Ṣọ́ọ̀kì tó bá kú, pààrọ̀ tọ̀tún tòsì.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì kò ṣàdédé kú. Sípírìn tí wọ́n gé ló pa á.

Ọ̀pọ̀ gbà pé sípírìn tí wọ́n gé àti sípírìn kúkúrú tí wọ́n dìídì ṣe, ọ̀kan náà ni, pé owó nìkan ló fi yàtọ̀. Irọ́ ni, ó sì ń dùn mí bí irọ́ yìí ṣe ń ba ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ká ní kọ́ìlì 6 ló ń ṣiṣẹ́ lára sípírìn kan. Tí o bá gé 2, èyí tó kù á fi ìdajì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní "ó ti le, ó ti dáa". Wá wo àyè tí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ní láti wọlé. Ká ní ínṣì 3 ni tẹ́lẹ̀, tí ọkọ̀ bá wálẹ̀ ní ínṣì 2, ínṣì 1 péré ló kù. Líle yẹn kò lè dí àyè tó lọ. Kòtò kékeré kan, ṣọ́ọ̀kì ti wọlé tán, rọ́bà ìdádúró ara ọ̀pá rẹ̀ fọ́, irin wá ń lu irin. Gbì tó ò ń gbọ́ nìyẹn. Sípírìn kúkúrú tó jẹ́ ojúlówó, wọ́n ti mú un le tó, kì í sì sábà rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ju ínṣì 1 sí ọ̀kan ààbọ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ iná gáàsì ni wọ́n fi gé e, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná á pa agbára irin náà, á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tàbí kó ṣẹ́ lórí eré. Gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kí irin ìdúró wà lábẹ́ rẹ̀, má gbára lé jáàkì nìkan. Fọwọ́ mú sípírìn. Tó bá ń yí, kò jókòó sáyè rẹ̀ mọ́. Má gbé ọkọ̀ yẹn gba ọ̀nà Bẹ́nìn.

Ní ti táyà, fọwọ́ pa ojú rẹ̀ láti òde wọnú, kó o tún pa á padà. Tó bá dán nígbà tí ọwọ́ ń lọ tó sì gún un bí eyín ayùn nígbà tó ń padà bọ̀, táyà méjèèjì kò kọjú síbi kan náà mọ́. Ìyẹn ń jẹ táyà ju kí orí táyà tẹ̀ sínú lọ. Alaímẹ́ǹtì, ìyẹn títo ìdúró táyà, ló máa tún un ṣe, àmọ́ lẹ́yìn tí sípírìn bá tọ́.

Ra sípírìn méjì-méjì: tòkunbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé, tàbí kúkúrú ojúlówó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu. Kí ẹnikẹ́ni má tú nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kì láì kọ́kọ́ fi irin há sípírìn. Tí sípírìn bá fò jáde, ó lè pààyàn. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ mọkálíìkì kì í ṣe: kí ọkọ̀ dúró lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó fún nọ́ọ̀tì apá ìsàlẹ̀ (irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀) pa. Tí wọ́n bá fún un nígbà tó ṣì wà lókè, rọ́bà bùṣíǹgì á lọ́, á sì tètè ya. Ṣe alaímẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà, gba ìwé rẹ̀, tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn kìlómítà 500. Ní gbogbo kìlómítà 5,000, wo rọ́bà tó bo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé irin tó wà lẹ́nu apá ìsàlẹ̀ yẹn. Tó bá ya, erùpẹ̀ pupa á wọ inú gírísì, á sì lọ irin náà jẹ.

Mi ò fojú rí ọkọ̀ rẹ, kí ẹni tó mọṣẹ́ wò ó kó o tó náwó. Tówó ojúlówó kò bá tíì sí, dá a padà sí bó ṣe ga tẹ́lẹ̀ ná.