Wèrè Tó Bá Ti Wọjà: Kí Ni Òwe Náà Ń Wí Gan-an?

Arábìnrin kan láti Àkúrẹ́ ló béèrè pé: "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin jáde sí títì Arákàlẹ̀ láìwọ bàtà, ó ń dá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ kan sì ń fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Ìyá wa ní ó ti parí, pé òun gbọ́ lórí rédíò pé 'wèrè tó bá ti wọjà kò ṣeé wò mọ́', pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àìsàn náà ti kọjá oògùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Rárá o. Èmi náà ti gbọ́ irú àlàyé yẹn lórí rédíò, inú sì bí mi débi pé mo pa rédíò náà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń ka òwe àgbà bí ẹni ń ka èsì àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi òwe jẹun, ó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ti àwọn tó ni òwe.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ dì mú nínú òwe náà: *wò*. Iṣẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe lẹ́nu wa. Èèyàn lè wo ìran, kó dúró kó máa fi ojú jẹun. Èèyàn sì lè wo aláìsàn, kó tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi yá. Inú *wò* kan náà la ti fa òǹwòran yọ, ibẹ̀ náà la ti fa ìwòsàn yọ. Ẹ wá rántí òwe kejì tí gbogbo wa mọ̀: "Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ." Ti òǹwòran nìyẹn. Òwe ti ọjà ni ti ìwòsàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé ọmọ ìyá kan náà ni òwe méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó lè yí mi lérò padà: níbi tí òǹwòran bá ti pọ̀ jù, olùtọ́jú kì í ráyè.

Kí ló wà lọ́jà tí kò sí nílé? Àìsàn tó wà lára ẹni náà nínú yàrá ló gbé dé ìsọ̀ aláta. Iye ojú tó wà lára rẹ̀ ló yí padà. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa sọ ọ́ lórúkọ tí kò ní bọ́ mọ́. Bí ara rẹ̀ bá yá, wọn ò ní fẹ́ fi ọmọ fún un, wọn ò ní tajà fún un láwìn, ọjọ́ tó bá sì fi ìbínú sọ̀rọ̀ bíi ti gbogbo èèyàn, wọ́n á ní ó ti tún dé. Àwọn ará ilé, tí ìtìjú ti bò, á wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "kò ṣeé wò mọ́" fi jẹ́ òótọ́. Ará ilé ni òwe náà ń bá wí: ẹ tètè tọ́jú èèyàn yín kí ayé tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ní Òdòjọ́mu nílùú Oǹdó, nígbà tí ìyàwó àbúrò bàbá mi bímọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìkómọ tí oorun fi kúrò lójú rẹ̀. Á ká aṣọ ọmọ, á tú u, á tún un ká. Á ní ọmọ ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ọmọ ń sùn lórí ẹní. Lóru ọjọ́ kan ó gbé àtùpà, ìró rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ó ní òun ń lọ sọ́jà. Àwa ọmọdé ti tò sójú fèrèsé, à ń ti ara wa. Ìyá àgbà yíjú sí wa, wọ́n ní: "Kí lẹ ń wò? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wò ó ni?"

Wọ́n rán èmi lọ pọn omi, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò tó ń fọ́mọ lọ́mú. Àwọn fúnra wọn dojú odó délẹ̀, wọ́n jókòó lé e lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni ilẹ̀ mọ́ bá wọn, kì í sì í ṣe ọjọ́ kan. Kò sẹ́ni tó pe ìyàwó náà ní wèrè nínú agbo ilé yẹn. Abísínwín ni wọ́n ní ó mú un, orúkọ àìsàn tó ń mú abiyamọ, tí gbogbo àgbà mọ̀ pé ó máa ń lọ. Oníṣègùn fún un ní gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ, ó sùn bí òkúta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí Kérésì ọdún yẹn dé, èlùbọ́ ló ń rù lọ sọ́jà, àwọn oníbàárà ń ná an mọ́ ọn lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ti ẹlòmíràn.

(Ẹ má fi asofẹ́yẹjẹ dánra wò nílé o, ó lè já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dún 1952 ni wọ́n yọ èròjà reserpine lára ìbátan rẹ̀ tó wà ní Íńdíà, wọ́n sì fi tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Èròjà yẹn wà nínú tiwa náà.)

Ẹ wo bí àwọn àgbà ṣe ya àìsàn wọ̀nyí sọ́tọ̀: abísínwín, asínwín, dìndìnrìn, ọ̀dẹ orí, wèrè aláṣọ. Lónìí, wèrè nìkan ló kù lẹ́nu àwọn ọmọ wa, fíìmù ló sì kọ́ wọn. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí: ọkùnrin tó pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí owó, ìparí fíìmù ló máa fi àkísà sáré wọjà, tí á máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n sọ àìsàn dà. Nítorí náà, bí ọpọlọ ọmọ aládùúgbò bá dàrú, "Kí ló ṣe?" lèèyàn máa kọ́kọ́ béèrè. Ta ló ń béèrè pé, "Láti ìgbà wo ni kò ti sùn?" Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi èèyàn 2,040 léèrè ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ Yorùbá, èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2005 ni pé 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbà pé oníjàgídíjàgan ni alárùn ọpọlọ, 82.7 sì ní ẹ̀rù á bà àwọn láti bá a sọ̀rọ̀ lásán. Ẹ ò rí i pé ọjà ti wọ inú ilé báyìí, inú fóònù.

N ò ní gbogbo ìṣe àwọn baba wa ló dára. Wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ de èèyàn, wọ́n nà wọ́n, àwọn kan ṣì ń ṣe é dòní, ìkà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò, l'Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, ohun tí ìyá àgbà mi ṣe ló ṣe. Aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, ó ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, ẹbí rẹ̀ kan sì gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa dáná fún un, kó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ayé ló wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Òfin tiwa pẹ́ kó tó tẹ̀ lé e: Oṣù Kìíní 2023 ni ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, tó fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò èyí tó ti wà láti ayé òyìnbó amúnisìn.

Arábìnrin mi, ẹ sọ fún ìyá yín pé àbúrò yín ò tíì parí. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba wà nínú Àkúrẹ́ yẹn. Ẹ gbé e lọ láàárọ̀ ọ̀la, ẹ má dúró de ìsinmi ọ̀sẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ tó ti sùn gbẹ̀yìn fún dókítà, àti ohun tó ń mu, bó bá ń mu nǹkan. Kí ìyá yín bá a lọ, kí wọ́n gbé oúnjẹ tó fẹ́ràn dání. Àwọn ọmọ tó ya fídíò yẹn náà, ẹ wá wọn lọ sílé òbí wọn lálẹ́ òní, kí wọ́n pa á rẹ́ lójú yín.