Ẹ Kọ Ọjọ́ Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Pe 311: Ìbéèrè Yín Lórí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Ìlú New York

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń tọ́jú ọmọ fún tọkọtaya kan ní Manhattan. Èmi nìkan ni wọ́n gbà síṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ wa kò bá ti wọ̀, ìyàwó á ní òun máa pe Imigiréṣọ̀n fún mi, á tún máa fi ọ̀nà tí mo ń gbà sọ̀rọ̀ ṣẹ̀sín. N kò ní ìwé ìgbélùú. Ṣé Ìgbìmọ̀ yìí lè dá sí ọ̀rọ̀ irú mi? — Olùtọ́jú ọmọ, Bronx

Ìgbìmọ̀, ilé-iṣẹ́ ìjọba ìlú tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ẹlẹ́yàmẹ̀yà, lè dá sí i. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ìlú New York kì í sábà mú agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 4. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ ọ mọ nìyẹn, tí wọ́n á wá ká ọwọ́ lérí. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹta 2022 ni òfin náà ti mú ẹnikẹ́ni tó gba ènìyàn sínú ilé láti tọ́jú ọmọ, láti tọ́jú arúgbó tàbí láti tún ilé ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ ẹnì kan ló gbà.

Ìgbìmọ̀ kì í béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹni tó mú ẹ̀sùn wá. Ìhàlẹ̀ Imigiréṣọ̀n yẹn gan-an lè di ẹ̀sùn, bí wọ́n bá ń fi í dẹ́rù bà yín nítorí ibi tí ẹ ti wá. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí ẹ ń gbà sọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ òfin kan náà. Ìtanràn lè tó dọ́là 125,000, ó sì lè tó 250,000 bí ẹni náà bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é pẹ̀lú ìkà. Àpò ìjọba ìlú ni ìtanràn ń lọ o. Ohun tó lè kàn yín ni owó iṣẹ́ tí ẹ pàdánù àti owó gbà-máà-bínú, ẹ sì ní láti fi ẹ̀rí gbé e.

Nítorí náà, ẹ wá ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́ ní èdè tó fi sọ ọ́, àti ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ tọ́jú WhatsApp àti ẹ̀rí owó tí wọ́n ń san. Òfin ìpínlẹ̀ New York gbà kí ènìyàn gba ohùn ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ láì sọ fún ẹnì kejì. Kò gbà kí ẹ fi fóònù sílẹ̀ nínú pálọ̀ kí ẹ sì jáde lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò sí níbẹ̀ nìyẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ má sì tọ́jú ẹ̀rí sórí fóònù tí àwọn ọ̀gá yín rà fún yín. Ọjọ́ tí wọ́n bá lé yín, wọ́n á gbà á.

Láti ìgbà tí mo bá ti pè wọ́n, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi parí? Ẹnì kan tún ní bí mo bá ti lọ síbẹ̀, n kò lè gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù mọ́. — Òṣìṣẹ́ ilé ìtajà, Queens

Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jóòótọ́ tán, ó sì tọ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ọ̀nà méjì ló wà lábẹ́ òfin ìlú: ẹ fi ẹ̀sùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀, tàbí ẹ gba kóòtù lọ fúnra yín. Ní kóòtù, ọdún 3 lẹ ní. Lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀, ọdún 1 péré ni, àyàfi ẹ̀sùn ìfìbálòpọ̀ yọni lẹ́nu tàbí ìfìyàjẹni nítorí akọ-n-bábo níbi iṣẹ́, tó ní ọdún 3. Ọjọ́ tí ohun náà ṣẹlẹ̀ tàbí ọjọ́ tí wọ́n sọ ìpinnu fún yín ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí inú bí yín tó. Ohun tó ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù nìyí: ènìyàn á máa bẹ ọ̀gá, á kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́, á dúró de èsì oṣù mẹ́jọ, ọdún á sì pé. Ẹ̀bẹ̀ inú ilé-iṣẹ́ kì í dá kíkà dúró.

Bí ẹ bá pe 311, nọ́mbà fóònù ìjọba ìlú, wọ́n á so yín pọ̀ mọ́ Ìgbìmọ̀. Ìpè yẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀sùn. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. "Ọ̀gá mi burú" kò tó. Ìwà burúkú sí gbogbo ènìyàn kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà lójú òfin. Ẹ ní láti so ó mọ́ ohun tí òfin dárúkọ: àwọ̀, ibi tí a ti wá, ẹ̀sìn, ọjọ́ orí, oyún, àìlera, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà tó dára jù láti so ó ni àfiwé: ta ló pẹ́ débi iṣẹ́ bíi tiyín tí wọn kò bá wí? Àwọ̀ wo, ẹ̀sìn wo ni onítọ̀hún? Orúkọ mẹ́ta bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ wúlò ju ìwé ojú ewé mẹ́wàá lọ.

Bí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á kọ ẹ̀sùn, ẹ ó búra sí i, ẹ ó fọwọ́ sí i, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ̀sùn kàn. Ọjọ́ 30 ló ní láti dáhùn. Ìwádìí á tẹ̀lé e, tàbí ìlàjà bí ìhà méjèèjì bá gbà. Bí wọ́n bá rí i pé ìdí wà láti gbàgbọ́ pé ó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ á lọ síwájú adájọ́ ìjọba ìlú tí wọ́n ń pè ní OATH. Adájọ́ yìí á kọ àbá, ọ̀gá Ìgbìmọ̀ ni yóò sì pàṣẹ. Bí wọ́n bá ní kò sí ìdí, ẹ ní ọjọ́ 30 láti pe ìpinnu náà níjà lọ́dọ̀ ọ̀gá Ìgbìmọ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kò pọn dandan kí ẹ ní agbẹjọ́rò, àmọ́ ẹ rántí pé agbẹjọ́rò Ìgbìmọ̀, ìlú ló ń ṣojú fún, kì í ṣe ẹ̀yin.

Wàyí o, ti kóòtù. Bí ẹ bá ti fi ẹ̀sùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ tàbí lọ́dọ̀ ẹ̀ka ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìpínlẹ̀, ẹ kò lè tún gbé ẹ̀sùn kan náà lọ sí kóòtù lábẹ́ òfin ìlú. Ilẹ̀kùn kékeré kan ṣì wà: kí ẹni tí ẹ fẹ̀sùn kàn tó dáhùn, bí Ìgbìmọ̀ kò bá tíì ṣèwádìí tàbí bẹ̀rẹ̀ ìlàjà, ẹ lè ní kí wọ́n fagi lé e, kóòtù á sì ṣí sílẹ̀ fún yín padà. Àkókò tí ẹ̀sùn fi wà lọ́dọ̀ wọn kì í sí lára ọdún 3 yẹn. Ìmọ̀ràn wa: bí owó tó wà nídìí ọ̀rọ̀ bá pọ̀, tí agbẹjọ́rò sì fẹ́ gbà á, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n tètè yí ohun kan padà ni, Ìgbìmọ̀ lẹ máa lọ.

Mo ní Section 8, ìrànwọ́ owó ilé ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn aṣojú onílé á ní "a ó pè yín padà," mi ò sì tún ní gbọ́ nǹkan kan. — Ayálégbé, Flatbush

Kíkọ ènìyàn nítorí irú owó tó fẹ́ fi san ilé lòdì sófin, Section 8 àti CityFHEPS, ìrànwọ́ owó ilé ti ìjọba ìlú, wà nínú rẹ̀. Onílé àti aṣojú rẹ̀ ni òfin mú. Ìdáhùn tí kò wá náà lè jẹ́ kíkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ìwé. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè: "Ṣé ilé náà ṣì wà? Ṣé ẹ ń gba Section 8?" Ẹ ya fọ́tò ìpolówó náà kí wọ́n tó yọ ọ́. Bí wọ́n bá ní ilé ti lọ, tí ìpolówó sì ṣì wà níta lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀rí gidi nìyẹn. Ìgbìmọ̀ a tún máa rán àwọn tó ń díbọ́n bí ayálégbé lọ láti wò bóyá ìdáhùn á yàtọ̀.

Ẹ pè kí ìwé ìrànwọ́ yín tó kú. Wọ́n lè bá onílé sọ̀rọ̀ kí ẹ̀sùn tó wọlé rárá, nígbà mìíràn onílé á yí ohùn padà. Bí ilé náà bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìjà gbà-máà-bínú ló kù.

Ọ̀gá ní kí n tú irun dídì mi. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́? — Akọ̀wé, Harlem

Rárá. Oṣù Kejì 2019 ni Ìgbìmọ̀ ti gbé ìlànà jáde pé fífi òfin de irun dídì, dàda tàbí irun tí a kò jó jẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Kí ó ní kí gbogbo ènìyàn dì í sẹ́yìn nítorí ẹ̀rọ tàbí oúnjẹ, ìyẹn yàtọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ìdárun ni mo ní, ènìyàn 3 ló ń bá mi ṣiṣẹ́, ọmọ mi obìnrin ló ṣe ìkẹrin. Kí ni òfin yìí fẹ́ lọ́wọ́ mi? — Onílé irun, Staten Island

Ọmọ yín wà nínú kíkà bí ẹ bá gbà á síṣẹ́, nítorí náà ẹ ti pé 4. Ẹni tó ń ya àga lọ́dọ̀ yín tó sì ń bá yín ṣiṣẹ́ láìjẹ́ òṣìṣẹ́ gangan lè wọ inú kíkà náà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké kò mọ èyí, títí ẹ̀sùn á fi dé.

Ẹ lẹ ìwé ìkìlọ̀ nípa ìfìbálòpọ̀ yọni lẹ́nu mọ́ ara ògiri, lédè Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì, kí ẹ sì fún òṣìṣẹ́ tuntun ní ìwé kékeré tó bá a lọ. Láti oṣù Kọkànlá 2022, ìpolówó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ owó tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ àṣìṣe àkọ́kọ́, tí ẹ sì tún un ṣe láàárín ọjọ́ 30, kò sí ìtanràn. Ẹ má béèrè iye tí ẹni tó wáṣẹ́ ń gbà níbi tó ti ń bọ̀. Ẹ má béèrè bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí títí ẹ ó fi fún un níṣẹ́ náà ná. Lábẹ́ òfin ìlú, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún nípa ìfìbálòpọ̀ yọni lẹ́nu di dandan fún ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé 15, ṣùgbọ́n ti Ìgbìmọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn ará Ìgbìmọ̀ wá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Ṣé iṣẹ́ wọn nìyẹn, àbí ìpolówó ìjọba? — Alhaji, Bronx

Iṣẹ́ wọn ni, òun ló tilẹ̀ dàgbà jù. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Harlem ní 1943, nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn fún sójà aláwọ̀ dúdú kan, Méyọ̀ Fiorello La Guardia dá ìgbìmọ̀ ìṣọ̀kan kan sílẹ̀ ní 1944. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ní, kò ní eyín. Ó di ìgbìmọ̀ abẹ́ òfin ní 1955, ó gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí ní 1962, òfin 1965 sì fún un ní agbára tó nípọn. Agbẹjọ́rò Eleanor Holmes Norton darí rẹ̀ láti 1970 sí 1977.

Ẹ̀ka méjì ló ní títí di òní, ọ̀kan ń gbọ́ ẹ̀sùn, ọ̀kan ń lọ sáàárín ìlú. Ẹ̀ka kejì yìí lẹ rí. Bí jámọ́ọ̀ yín bá fẹ́ kí wọ́n padà wá, ẹ yan kókó kan ṣoṣo, bíi ilé yíyá tàbí àyè fún ìrun níbi iṣẹ́, kí ẹ sì sọ èdè tí ẹ fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń béèrè, kí wọ́n lè tètè wá ògbufọ̀ Yorùbá.