Ilẹ̀ tó wà láàárín kòtò méjì ni kí ẹ bẹ̀rù

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní wọ́n fi ilẹ̀ kan lọ̀ yín lẹ́yìn Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, pé àwọn kan ti wa góòlù níbẹ̀ rí, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá máàpù lè fi hàn yín pé ilẹ̀ náà á rì tàbí kò ní í rì. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mò ń ṣe ní Yàgbà yìí. Máàpù á ṣe ìdajì, ẹsẹ̀ yín á ṣe ìdajì yòókù.

Ẹ má fi fóònù ṣe é. Ẹ gbé Google Earth Pro, ètò tó ń fi àwòrán ilẹ̀ hàn láti òkè, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Àmì aago kan wà lókè rẹ̀; tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á máa gbé àwòrán àtẹ̀yìnwá jáde. Èyí tí wọ́n yà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ wá, lẹ́yìn tí iná bá ti jó igbó. Kòtò tuntun máa ń pọ́n tàbí kó funfun, nítorí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jáde yí i ká. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ koríko á bò ó, ẹni tó ń ta ilẹ̀ á sì ní oko ẹ̀gẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Àwòrán kì í bá a gbè é.

Gbogbo kòtò tí ẹ bá rí, ẹ sàmì sí i, kí ẹ wá wo bí wọ́n ṣe tò. Tí wọ́n bá fọ́n ká etí odò, yanrìn odò ni wọ́n ń jọ̀. Irú wọn kì í sábà jìn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tò sórí ìlà kan, iṣan akọ òkúta funfun tí góòlù ń gbé inú rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Awakùsà tó bá ti bá òkúta yẹn pàdé nísàlẹ̀ kì í gòkè wá gbẹ́ kòtò míì. Abẹ́ ilẹ̀ ló máa gbà tọ̀ ọ́ lọ, títí ihò tiẹ̀ á fi já sí ti ẹnìkejì. Kòtò tí ojú rí, èèyàn á yà fún un. Ilẹ̀ tó tẹ́jú láàárín kòtò méjì ló ń gbé ni mì. Ẹ fa ìlà náà kọjá kòtò tó gbẹ̀yìn lápá méjèèjì. Tó bá gba inú ilẹ̀ tiyín, ẹ ti mọ ìdí tó fi pọ́ọ́kú.

Mo rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ní oko iṣu. Àwọn ebè tó wà lórí ìlà náà kọ́kọ́ wálẹ̀ díẹ̀, olóko rò pé àgbàrá ni. Nígbà tí òjò oṣù kẹsàn-án rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ lanu. Ojú rẹ̀ kò ju ẹnu odó lọ, àmọ́ nígbà tí a tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, a ò rí ògiri. Igi tí wọ́n fi gbé òkè ihò ró ti jẹrà, omi sì ti ń fọ yẹ̀pẹ̀ wọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá.

Àwọn kan á ní kí ẹ lo SRTM, máàpù gíga ilẹ̀ ti ọdún 2000. Ojú kan rẹ̀ tó mítà 30, ihò mítà méjì ti sọnù sínú rẹ̀. Sátẹ́láìtì Sentinel-1, tó ti wà lófuurufú láti 2014, lè mọ̀ tí ilẹ̀ bá rì ní ìwọ̀n mìlímítà, ṣùgbọ́n ìgboro tó kún fún ilé ló mọ̀ ọ́n wò. Igbó tiwa tó ń hù tó ń gbẹ máa ń dà á lójú rú. Máàpù Mining Cadastre Office, ọ́fíìsì ìjọba, ń sọ ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà. Àwọn tó fi ọwọ́ gbẹ́lẹ̀ yẹn, ta ló rí ìwé lọ́wọ́ wọn?

Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ wo ibi tí omi ti ń wọlẹ̀ kíákíá jù, àti ibi tí ilẹ̀ ti sán yíká. Ẹ wá àgbàlagbà tó wa góòlù níbẹ̀ kàn, kì í ṣe onílẹ̀.

Tí ọkàn yín bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá omi bóòhóòlù. Ẹ̀rọ kan náà ló ń wá ihò: iná mànàmáná ló ń rán sínú ilẹ̀, iná yẹn kì í sì gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, nítorí náà ihò gbígbẹ á fara hàn, èyí tó kún fún omi á fara hàn lódìkejì. Ẹ sáà sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́ ojú kan ṣoṣo bí wọ́n ṣe ń ṣe fún omi. Kí wọ́n na wáyà dá ìlà kòtò yẹn kọjá, ó kéré tán lójú mẹ́ta. Owó tí wọ́n á kọ́kọ́ pè á pọ̀. Ẹ ná an.