Wọ́n lu ọmọ mi torí wọ́n ní géè ni, ṣé ká lọ sọ fún ọlọ́pàá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, tí mo bí síbí, ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́ Fúráìdeè, làwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú u nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń pè é ní géè, nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ wọ́n tẹ̀ lé e, wọ́n lù ú, ètè ẹ̀ bẹ́, wọ́n tún fọ́ fóònù ẹ̀. Ó ní òun ò lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá kankan. Èmi náà ò mọ èyí tí màá ṣe, torí ìwé ìgbélùú tèmi ṣì wà ní Home Office, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni níwèé, ẹ̀rù sì ń bà mí pé tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ ó lè dé ilé, ẹ ṣáà mọ òfin tó wà ní Nàìjíríà. Mi ò tíì bi í bóyá lóòótọ́ ni o, mi ò tiẹ̀ mọ bí màá ṣe bi í. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Olúwa á bá wa wo ọmọ náà sàn.

Ẹ má bi í o. Tó bá fẹ́ sọ fún yín, á sọ, ọ̀rọ̀ tilé yín nìyẹn, ẹjọ́ yìí ò sì nílò ẹ̀ rárá. Òfin England ò béèrè bóyá géè lẹni tí wọ́n lù tàbí kì í ṣe géè, ohun tó ń wò ni ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó lù ú, tó bá ti jẹ́ pé torí wọ́n rò pé géè ni ni wọ́n ṣe nà án, ó ti tó, kódà kó jẹ́ pé wọ́n ṣìnà. Òfin Sentencing Act ọdún 2020 sọ pé adájọ́ gbọ́dọ̀ fi kún ìjìyà wọn torí ẹ̀. Ní Clapham Common lọ́dún 2005, àwọn ọkùnrin méjì lu Jody Dobrowski, ọmọ ọdún 24, pa torí pé géè ni, irú òfin yìí wà nílẹ̀ nígbà náà, adájọ́ sì ní ó kéré tán wọ́n gbọ́dọ̀ lo ọdún 28 lẹ́wọ̀n.

Tó bá di ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, tẹ́ni tí wọ́n lù tàbí ẹnikẹ́ni míì bá ti sọ pé òun gbà pé ìkórìíra ló fà á, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú gan-an nìyẹn ti wá, láti inú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1999 lórí ikú Stephen Lawrence, ọmọ aláwọ̀ dúdú tàwọn òyìnbó gún pa ní Eltham lọ́dún 1993.

Mi ò ní tàn yín o, ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ò mọ́ délẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Barking láàárín 2014 sí 2015, ọ̀dọ́kùnrin géè mẹ́rin ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stephen Port pa, ọlọ́pàá ń sọ pé oògùn olóró ló pa wọ́n, àwọn ẹbí ń pariwo wọn ò dáhùn, ọdún 2021 ni kóòtù tó wádìí ikú wọn tó wá sọ pé ó jọ pé àìṣedéédéé ọlọ́pàá wà lára ohun tó fa ikú mẹ́ta nínú wọn. Ìwádìí tí Louise Casey ṣe lórí ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù, tó jáde lọ́dún 2023, náà sọ ọ́ síta pé ìkórìíra àwọn géè wà nínú iṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, èmi ní kó lọ, àmọ́ kó má dá lọ, kó má sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Lónìí, kó jókòó kọ gbogbo ẹ̀: nọ́ńbà bọ́ọ̀sì, aago mélòó, ibùdókọ̀ wo ló ti sọ̀, aṣọ tí wọ́n wọ̀, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bú u, bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́, kó má tijú kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló máa sọ ọ́ di hate crime, ìyẹn ìwà ọ̀daràn tí ìkórìíra fà, láìsí ẹ̀ wọ́n á ní ìjà ọmọ ìgboro lásán ni. Kó ya fọ́tò ètè ẹ̀ àti fóònù tó fọ́. Kó lọ ọsibítù kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kó tètè ṣe é o, torí kámẹ́rà inú bọ́ọ̀sì kì í tọ́jú àwòrán pẹ́, tó bá ti pa rẹ́ ó ti lọ nìyẹn. Kó wá pe ọlọ́pàá lórí 101 (999 wà fún ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń lù ú lọ́wọ́), tàbí kó kọ ọ́ sórí True Vision, wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n ti ń fi irú ẹjọ́ yìí sun ọlọ́pàá, kó sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn Galop wà ní Lọ́ńdọ̀nù látọdún 1982, iṣẹ́ wọn ni láti dúró ti irú ẹni báyìí, wọ́n lè bá a bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀.

Ní ti ìwé yín, ọmọ ọdún 19 ti dàgbà, òun fúnra ẹ̀ ló máa fẹjọ́ sùn, ẹ̀yin ò wà níbẹ̀, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa sáìn nǹkan kan. Òótọ́ ni pé ọlọ́pàá lè sọ̀rọ̀ ẹni tí ò níwèé fún Home Office, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bi lọ́yà yín kẹ́ ẹ tó tẹ̀ lé e lọ, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì sìn ín. Òfin ọdún 2014 tí Nàìjíríà fi de ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, èyí tó ń fi ọdún 14 lẹ́wọ̀n halẹ̀, mo mọ bó ṣe ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lù lọmọ yín níbí, kò jẹ̀bi nǹkan kan, ọlọ́pàá Peckham ò sì ní kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀ṣì yín tàbí sí ìlú yín.

Tó bá ṣì ń sọ pé òun ò lọ, ẹ má fi tipátipá mú un, ẹ bá a tọ́jú ìwé àti fọ́tò náà. Ọjọ́ tó bá lọ, tí wọ́n bá gba sítétímẹ́ǹtì lẹ́nu ẹ̀, kó kà á tán pátápátá kó tó sáìn, tí ọ̀rọ̀ èébú yẹn ò bá sí níbẹ̀, kó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i.