Ìjúbà Níbẹ̀rẹ̀ Eré Orí Ìtàgé: Ta Ni À Ń Júbà Gan-an?

Ẹnì kan tí ó ń darí eré fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó béèrè ìtumọ̀ ìjúbà tí àwọn eléré Yorùbá fi máa ń ṣíde, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó pọn dandan kí àwọn ọmọ tirẹ̀ ṣe é. Ó ní òun gbọ́ lórí rédíò pé ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dúró de àwọn tí ó pẹ́ dé ni, kí wọ́n lè rí ìjókòó kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, mo sì ti gbọ́ èyí tí ó burú jù ú lọ, pé ìbọ̀rìṣà lásán ni, nítorí náà kí a yọ ọ́ kúrò nínú eré àwọn ọmọ onígbàgbọ́ àti ọmọ Mùsùlùmí. Ẹni tí ó sọ ti àkọ́kọ́ kò bá eléré gbé rí. Ẹni tí ó sọ èkejì kò fetí sí ohun tí eléré ń sọ lẹ́nu.

Ohun tí mo mọ̀, tí mo sì ti ń bá àwọn ènìyàn jiyàn lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́, ni pé ìjúbà ni ibi tí eré Yorùbá ti ń bu ọlá fún àwọn tí ó dá a: ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀, ẹni tí ó kọ́ni, ẹni tí ó ni ìlù, ẹni tí ó gbẹ́ igi, ẹni tí ó rán ẹ̀kú. Kí ó tó di pé à ń tẹ orúkọ òǹkọ̀wé àti olùdarí sínú ìwé pélébé tí à ń pín lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ẹnu ni a fi ń ṣe é, ojú agbo ni a sì ti ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín tàbí kí ó tó pàtẹ́wọ́.

Ẹ lọ wo àwọn ọ̀jẹ̀ alárìnjó, àwọn eléégún tí ó ń ṣeré kiri láti ìlú dé ìlú. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Adédèjì, tí ó parí iṣẹ́ ìwádìí ńlá rẹ̀ lórí wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, fi hàn pé eré wọn ní ètò: ìjúbà ni ó ń ṣíwájú, ijó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni eré gan-an, kí wọ́n tó kádìí rẹ̀. Bí ọ̀jẹ̀ bá ń sun ẹ̀sà, ewì àwọn eléégún, kò ní ṣe kí ó má dárúkọ Ológbojò àti Ẹ̀sà Ògbín, tí ìdílé ọ̀jẹ̀ gbà pé àwọn ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, wo irú eré yìí ní ààfin Ọ̀yọ́ Ilé. Ó ròyìn ejò ńlá tí eégún dà, ó sì ròyìn eégún òyìnbó tí gbogbo ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó kọ; ta ni wọ́n ń júbà, ìyẹn kò lè yé e, nítorí kò gbọ́ èdè. Ó máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó gbọ́ èdè náà ń wo eré báyìí bí Clapperton ṣe wò ó.

Òwe tí ó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọdé ni pé kí wọ́n tẹríba fún àgbà kí ọ̀nà lè là fún wọn. Mi ò sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n èèpo ọ̀rọ̀ ni ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a wo ekòló fúnra rẹ̀, nítorí àwọn tí ó pa òwe yìí, àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì mọ ẹran ilẹ̀. Ekòló kò ní ọkọ́, kò ní àdá, kò ní eyín tí yóò fi walẹ̀. Ilẹ̀ ni ó ń jẹ, inú ilẹ̀ ni ó ń gbé, ilẹ̀ náà ni ó sì ń yà jáde ní òkìtì kéékèèké tí à ń rí lẹ́yìn òjò, tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ pé ibi tí ó bá pọ̀ sí, ohun ọ̀gbìn máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe alágbára kan ni ekòló ń tẹríba fún kí ó lè rí ojú rere. Ohun tí ó ń jẹ, tí ó ń gbé inú rẹ̀, tí yóò sì dá padà fún ẹlòmíràn ni ó ń júbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eléré rí. Orin tí ó ń kọ, ẹnìkan ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́. Ẹsẹ̀ tí ó ń gbé lórí ìlù bàtá, ẹnìkan ni ó kọ́kọ́ gbé e bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹni náà sì ti wọ ilẹ̀. Àwọn ni ilẹ̀ tí òwe ń wí. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí èyí, kí ó kọ́kọ́ sọ fún mi ìdí tí àwọn àgbà fi mú ekòló nínú gbogbo ẹran, tí wọn kò mú òkété, tí òun náà ń gbélẹ̀.

Mo wà níbi ìfidánrawò eré kan nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, níbi tí ọmọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn púpọ̀ ti bẹ́ sínú orin láìjúbà. Bàbá onílù tí ó mú ìyáàlù dání kàn gbé ọ̀pá ìlù rẹ̀ sílẹ̀ ni. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò lù ú. Nígbà tí ó yá, ó ní, “Ta ló kọ́ ẹ lórin yìí?” Ọmọ náà dárúkọ ìyá àgbà kan nílùú wọn. Bàbá ní, “Ṣé òun ni kò yẹ kí a gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni?” Ó di ìgbà tí ọmọ náà fi orúkọ ìyá náà bẹ̀rẹ̀ kí ìlù tó dún. Bàbá yìí kò mẹ́nu kan òrìṣà kankan, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí a ń dúró dè, nítorí kò sí òǹwòran níbẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé nítorí àwọn ìyá wa, àwọn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní àjẹ́, ni a fi ń júbà, kí wọ́n má baà da eré rú. Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré agọ̀ tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí ní agbègbè Kétu, ni èyí, níbi tí ẹlẹ́fẹ̀, akọrin wọn, ti gbọ́dọ̀ kí àwọn ìyá kí ó tó kọrin. Òótọ́ ni fún wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ̀rí tí ó wù mí jù wá láti òkè òkun. Ní Kúbà, àwọn ọmọ Lùkùmí, tí wọ́n ń bá ẹ̀sìn àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ lọ, kì í bẹ̀rẹ̀ ètùtù láìka orúkọ àwọn olórìṣà ìdílé wọn tí ó ti kú, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yorùbá tí à ń sọ lójoojúmọ́ ti sọnù lẹ́nu wọn, wọn kò jẹ́ kí orúkọ àwọn tí ó kọ́ wọn sọnù.

Ní ti àwọn tí ó ní kí ọmọ onígbàgbọ́ má júbà, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn eléré tí ó ti inú ìjọ wá. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ lórí Ọgbà Édẹ́nì jáde ní Èkó ní 1944, ìjọ Aládùúrà ni ó ṣe é fún, síbẹ̀ orin àti ijó ìṣíde tí àwọn eléré ń pè ní “opening glee” kò kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi di gbajúmọ̀. A lè fi orin ìṣíde Yorùbá Ronú bá mi jiyàn, pé ìkìlọ̀ fún àwọn alààyè ni, òun sì ni eré tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tìtorí rẹ̀ fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé ní 1964. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ìgbà náà ló fa ìkìlọ̀ yẹn. Dúró Ládípọ̀ náà, ọmọ ìjọ ni, ìjọ sì bá a jà nítorí ó gbé ìlù ìbílẹ̀ wọ inú orin Àjíǹde. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní 1963, ó gbé Ọba Kò So, eré rẹ̀ lórí Ṣàngó, jáde ní Òṣogbo, ní 1964 àwọn ará Berlin sì wò ó.

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé a ti tẹ́wọ́ gba ìwé, a sì ti pa ẹnu mọ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, tí gbogbo àgbáyé fi ń ṣe àjọyọ̀ eré orí ìtàgé, ojú àwọn òṣèré ni ó ń kún orí fóònù wa. Ẹni mélòó ni ó mọ̀ pé Demas Nwoko, oníṣẹ́ ọnà, ni ó ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé Ọ̀mùtí tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, eré tí wọ́n fà yọ láti inú ìwé Amos Tutùọlá? Àwọn onílù ńkọ́? “Àti àwọn onílù” ni à ń kọ sísàlẹ̀ ìwé ìpolówó, bí ẹni pé wọn kò ní orúkọ.

Nítorí náà, olùdarí, jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ júbà. Bí ìyá tàbí bàbá ọmọ kan bá ń bẹ̀rù òrìṣà, kí wọ́n júbà Ọlọ́run lákọ̀ọ́kọ́, ohun tí àwọn eléré ti ń ṣe tipẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dárúkọ òǹkọ̀wé eré, ẹni tí ó kọ́ wọn ní ijó, onílù, aránṣọ tí ó rán aṣọ wọn àti káfíńtà tí ó kan ìtàgé. Kí wọ́n fi orin sọ ọ́, má ṣe jẹ́ kí wọ́n kà á bí ẹni ka ìwé ìpàdé, kí onílù sì máa gbè é lẹ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó. Bí ẹni tí ó pẹ́ dé bá rí ìjókòó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta náà, kò burú.