Áńtíbọ́dì Dín Kù, Ṣé Ààbò Lọ Ni?

Ìbéèrè: Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí mo gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, àyẹ̀wò ní áńtíbọ́dì mi, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà, ti wálẹ̀ gan-an. Ṣé abẹ́rẹ́ náà ti ṣá ni? Báwo sì ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn díẹ̀ mọ iye àwọn tí àrùn ti mú nílùú?

Ìdáhùn: Kò ṣá. Áńtíbọ́dì kì í pẹ́: IgG, irú áńtíbọ́dì tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ń dín sí ìdajì láàárín nǹkan bí ọjọ́ 21, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun ló ń ṣe òmíràn dípò rẹ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, á ga fíofío, á rọlẹ̀, ìrọlẹ̀ náà á sì wá falẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dá kòkòrò náà mọ̀ wà nílẹ̀. Àyẹ̀wò yín ò lè rí wọn. Kòrónà máa ń yíra padà, nítorí náà ẹ ṣì lè kó o, ṣùgbọ́n ààbò lọ́wọ́ àìsàn líle máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ti measles tiẹ̀ yàtọ̀: ó jà ní erékùṣù Faroe ní 1781, kò padà títí di 1846. Dókítà Peter Panum rí i pé àwọn arúgbó tó ti ṣe é ní 1781 kò tún ṣe é.

Ní ti ìlú, iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣa àwọn ènìyàn láìṣojúsàájú. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ nìkan ò tó, àgbàlagbà tí ara wọn le ni wọ́n. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ yan àyẹ̀wò tó yẹ. Abẹ́rẹ́ Pfizer àti Moderna, áńtíbọ́dì S, èyí tó ń dojú kọ ẹ̀gún ara kòkòrò náà, nìkan ni wọ́n ń mú wá. Ẹni tó bá ní áńtíbọ́dì N pẹ̀lú, èyí tó ń dojú kọ èròjà inú kòkòrò náà, kòkòrò gan-an ló bá a, àfi bó bá gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi odindi kòkòrò òkú ṣe, bíi Sinopharm. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá sì gbà kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé lẹ́yìn tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ lè máà fi nǹkan kan hàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìròyìn ti ń ṣìnà rèé. Ká ní nínú ènìyàn 1,000, 20 péré ni àrùn ti mú. Àyẹ̀wò tó ń rí 95 nínú 100 àwọn tó ní in yóò mú 19. Bó bá ń ṣi ẹni 2 mú nínú 100 àwọn tí kò ní in, yóò ṣi nǹkan bí 20 mú nínú 980 tó kù. Ẹni 39 ló jáde, irọ́ sì lé ní ìdajì! Ṣùgbọ́n tí àrùn bá ti mú 500, ẹni 475 ló máa jẹ́ òótọ́, irọ́ ò ju 10 lọ.